ǸJẸ́ WÀRÀ ẸRAN YẸ ÀGBÀLAGBÀ?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú Wa

 

Orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún mi kò gùn: ǹjẹ́ ó yẹ kí àgbàlagbà máa mu wàrà ẹran? Bí ó ti kúrú tó yìí, díẹ̀ ni ó kù kí ó dá ìjà sílẹ̀ láàrin wa. Gbogbo wa ni a mọ bí ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú wa tí ń bẹ ní òkè òkun dá owó jọ, wọ́n sì ní kí a fi ra wàrà ìyẹ̀fun, kí a máa po ife kan fún ọmọ ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní òròòwúrọ̀ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn ọmọ kan fi ń sọ pé inú ń kùn àwọn, tí àwọn mìíràn ń sáré lọ sí ṣáláńgá, tí àwọn mìíràn sì ń da tiwọn sẹ́yìn ògiri. Àwọn olùkọ́ kan na àwọn tí ó dà á nù. Àwọn òbí kan ní wọ́n ti fi nǹkan sí wàrà náà. Nígbà tí ìròyìn dé etí àwọn tí ó fi owó ránṣẹ́, wọ́n ní aláìmoore ni àwọn ará ilé. Àwọn ará ilé náà sì dáhùn pé àwọn ará òkè òkun ti gbàgbé ohun tí a ń jẹ nílé.

Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín lónìí ni pé kò sí ọ̀dàlẹ̀ nínú ọ̀ràn yìí. Kò sí oògùn nínú wàrà náà, kò sì sí àìmoore nínú àwọn ọmọ náà. Bí a ti dá ara ènìyàn ni ó wà nídìí rẹ̀. Bí a bá sì mọ ìdí rẹ̀, owó tí a dá jọ yóò ṣe àǹfààní fún àwọn ọmọ wa, ìjà yóò sì parí.

Kí ọ̀rọ̀ mi má baà rú yín lójú, bí mo bá pe wàrà, omi funfun tí a fún láti inú ọmú ẹran ni mo ní lọ́kàn, ìbáà jẹ́ tútù, ìbáà jẹ́ ti inú agolo, ìbáà sì jẹ́ ìyẹ̀fun. Èyí tí ó dì, tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé kiri fún títà, ni n ó máa pè ní wàràkàṣì.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ WÀRÀ

Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé wàrà kì í ṣe oúnjẹ gidi. Omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rá wà níbẹ̀, èròjà amúaradàgbà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kálíṣíọ̀mù tí ń mú eegun àti eyín le. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ṣúgà kan wà nínú rẹ̀ tí a kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nínú oúnjẹ mìíràn. Lákítóòsì ni orúkọ rẹ̀. Wàrà màlúù ní tó gíráàmù 5 rẹ̀ nínú ìwọ̀n mìlílítà 100. Omi ọmú ènìyàn ní tó gíráàmù 7. Nítorí náà, ife wàrà ńlá kan tí ó gba mìlílítà 250 yóò ní tó gíráàmù 12 ṣúgà yìí.

Ara kò lè lo ṣúgà yìí bí ó ti wà. A gbọ́dọ̀ là á sí méjì, bí a ti ń la obì gbànja, kí ó tó lè ti inú ìfun bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Èròjà tí ń là á ni a ń pè ní lákítéèsì, inú ìfun kékeré ni ó sì wà. Ọmọ tuntun jòjòló ní in lọ́pọ̀lọpọ̀, nítorí pé omi ọmú ni gbogbo oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú, èròjà náà a bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọmọ màlúù, fún ọmọ ewúrẹ́ àti fún ọmọ ológbò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọmọ ènìyàn. Bí a bá kó àwọn àgbàlagbà gbogbo ayé jọ, bí ẹni méjì nínú ẹni mẹ́ta ni lákítéèsì wọn kò tó nǹkan mọ́.

Kí ni í ṣẹlẹ̀ nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá mu wàrà púpọ̀? Ṣúgà náà kò rí ẹni là á, ó sì sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ sínú ìfun ńlá. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí ń gbé ibẹ̀. Wọ́n a bọ́ sórí rẹ̀ bí èèrà ti í bọ́ sórí oyin. Bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ ni afẹ́fẹ́ ń jáde lára rẹ̀, tí inú fi ń wú, tí ó sì ń kùn. Ṣúgà náà tún a máa fa omi wọ inú ìfun, ìyẹn ni ó sì ń di ìgbẹ́ gbuuru. Láàrin wákàtí díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Ohun tí a rí lára àwọn ọmọ ilé-ìwé wa nìyẹn láìsí àní-àní: ife wàrà kan gbáko, nínú ikùn òfìfo, láàárọ̀. Kò sí májèlé níbẹ̀, kò sì sí àrùn.

Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ ohun mìíràn o. Àwọn ọmọ kéékèèké kan wà tí ara wọn kórìíra èròjà amúaradàgbà inú wàrà fúnra rẹ̀. Bí irú wọn bá fẹnu kàn án, ara wọn lè sú, wọ́n lè bì, èémí wọn sì lè há. Ìyẹn le ju inú kíkùn lọ. Dókítà ni kí a tètè gbé wọn lọ bá, kí a má sì fún wọn ní wàrà ẹran kankan títí tí dókítà yóò fi sọ̀rọ̀.

ÌWÁDÌÍ TÍ A ṢE LÁÀRIN ÀWA YORÙBÁ

Àwọn mìíràn lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará ìlú mìíràn ni mo ń sọ. Rárá o. Ọ̀kan nínú àwọn ìwádìí tí ó kọ́kọ́ là wá lóye lórí ọ̀ràn yìí, láàrin wa níhìn-ín ni a ti ṣe é, ọmọ wa sì wà lára àwọn tí ó ṣe é. Ẹni náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, oníṣègùn ọmọdé, tí ó di Mínísítà fún Ètò Ìlera Nàìjíríà ní ọdún 1985. Òun àti Norman Kretchmer láti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, fún àwọn ènìyàn láti inú ẹ̀yà orílẹ̀-èdè wa ní ṣúgà wàrà mu, wọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò bóyá ara wọn gbà á. Ní ọdún 1971 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn oníṣègùn tí a ń pè ní Lancet. Wọ́n rí i pé nínú àwọn Yorùbá tí ó ti kọjá ọmọ ọdún mẹ́rin, agbára káká ni a fi rí ẹni tí ara rẹ̀ lè la ṣúgà náà. Ṣùgbọ́n láàrin àwọn Fúlàní darandaran, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni ó lè là á láìsí wàhálà.

Ní ọdún 1975, wọ́n tún tẹ ìwádìí mìíràn jáde lórí àwọn ìdílé. Láti inú rẹ̀ ni a ti rí i pé ogún ìran ni ọ̀rọ̀ yìí, àti pé bí ọ̀kan péré nínú àwọn òbí méjèèjì bá fún ọmọ ní ogún náà, ó tó láti jẹ́ kí ọmọ náà lè máa mu wàrà títí di ọjọ́ ogbó. Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa tí ẹ fẹ́ ọkọ tàbí aya láti ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó, ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí àwọn ọmọ yín bá ń mu wàrà tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n, tí ẹ̀yin kò sì gbọdọ̀ dán an wò.

Kí ìwádìí wa tó jáde ni irú rẹ̀ ti hàn ní ìkọjá òkun. Ní ọdún 1966, àwọn oníṣègùn ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà sọ ọ́ di mímọ̀ pé àìtó lákítéèsì wọ́pọ̀ lára àwọn aláwọ̀ dúdú ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ta ni àwọn aláwọ̀ dúdú wọ̀nyí bí kì í bá ṣe ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti ẹkùn tiwa? Wọ́n ti lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún láàrin àwọn tí ń mu wàrà, síbẹ̀ ara ọ̀pọ̀ wọn kò gbàgbé ilé.

IBI TÍ ÀWỌN TÍ Ń MU WÀRÀ TI RÍ AGBÁRA RẸ̀

Ó yẹ kí a béèrè pé kí ló dé tí ara àwọn kan fi gbà á. Ó ti tó ẹgbàárùn-ún ọdún tí ọmọ ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sin màlúù. Àwọn tí ń wa ilẹ̀ láti mọ ìtàn ìgbàanì ti rí àpá ọ̀rá wàrà lára àwọn àpáàdì ìkòkò tí ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́sàn-án ní ilẹ̀ Tọ́kì. Ní ọdún 2012, a gbọ́ pé wọ́n rí irú àpá bẹ́ẹ̀ lára àpáàdì tí ó tó ẹgbẹ̀rún ọdún méje nínú aṣálẹ̀ Sàhárà ní ilẹ̀ Líbíyà, nígbà tí koríko ṣì wà níbẹ̀ fún ẹran láti jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ eegun àwọn àgbẹ̀ ìgbàanì wò ní Yúróòpù, wọ́n rí i pé ara àwọn náà kò tíì lè la ṣúgà wàrà. Èyí fi hàn pé àwọn baba ńlá òyìnbó pàápàá ti ń lo wàrà kí ara wọn tó bá a mu.

Lẹ́yìn náà ni ìyípadà kékeré kan wọ inú àbùdá àwọn ènìyàn kan, tí lákítéèsì wọn kò fi dín kù mọ́. Ní ọdún 2002 ni àwọn onímọ̀ ní Finland rí ojú ibi tí ìyípadà náà wà. Irú rẹ̀ kan náà ni ó wà lára àwọn Fúlàní. Ní ọdún 2007, a rí i pé àwọn darandaran ilẹ̀ Kẹ́ńyà, Tàǹsáníà àti Sùdáánì ní tiwọn lọ́tọ̀, kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ òyìnbó ni wọ́n ti rí i. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2022 sọ pé nígbà ìyàn àti àjàkálẹ̀ àrùn ni ogún yìí gba ọ̀pọ̀ là: ẹni tí ebi ti hàn léèmọ̀, bí ó bá mu wàrà tí ó sì ṣu gbuuru, ikú ni, ẹni tí ara rẹ̀ gbà á, ó yè, ó sì bímọ.

Àwa ńkọ́? Àwọn baba wa kì í ṣe darandaran. Nínú igbó wa ni eṣinṣin tí ń fa àrùn sùnrunsùnrun wà, kò sì jẹ́ kí màlúù oníké lè gbé ibẹ̀ pẹ́. Àwọn màlúù kúkúrú tí ó lè fara dà á, ẹran pípa ni wọ́n, a kì í fún wàrà wọn. A ní ewúrẹ́, a ní àgùntàn, ṣùgbọ́n ta ni nínú yín tí ó rí ìyá ìyá rẹ̀ tí ó jókòó ti ewúrẹ́ láti fún ọmú rẹ̀? Nítorí náà ara wa kò ní ìdí láti kọ́ ohun tí a kò fi ṣe oúnjẹ. Kì í ṣe àbùkù, kì í sì í ṣe àìlajú. Bí ilẹ̀ ti rí ni ara ti rí.

ỌGBỌ́N ÀWỌN DARANDARAN

Síbẹ̀, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. N kò wí pé kí ẹnikẹ́ni má fẹnu kan wàrà mọ́. Bí lákítéèsì ẹnìkan bá tilẹ̀ kéré, kò sọ pé kò lè mu un rárá. Ọ̀pọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè mu wàrà tí ó ní tó gíráàmù 12 ṣúgà lẹ́ẹ̀kan, kí ó má ní wọ́n lára púpọ̀, pàápàá bí wọ́n bá jẹun sí i. Díẹ̀ tí a ń bù sínú tíì tàbí sínú ògì kò lè ṣe púpọ̀ nínú wa ní nǹkan kan. Ọmọ ìka kò dọ́gba. Kí olúkúlùkù mọ ìwọ̀n ara rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tún wà, àwọn darandaran ni ó sì mọ̀ ọ́n jù. Bí wọ́n bá jẹ́ kí wàrà kan di nónò, àwọn kòkòrò inú rẹ̀ ti jẹ nínú ṣúgà náà kí ó tó dé ẹnu wa. Ohun tí ó kù ni kíkan tí a ń tọ́ wò. Irú iṣẹ́ kan náà ni ó ń mú ògì wa kan nínú ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ náà ni yógọ́ọ̀tì rí. Àwọn ará Mòǹgólíà kún fún ẹ̀rí èyí: èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò ní ogún tí mo sọ, síbẹ̀ wàrà ni wọ́n fi ń gbé ayé, nítorí pé wọ́n ń mú un kan kí wọ́n tó mu un, títí dé orí wàrà ẹṣin.

Ẹ wo wàràkàṣì tí a ń rà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní ní Ṣakí, ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní Ìlọrin. Wọ́n a gbé wàrà kaná, wọ́n a fún omi ewé bomubomu sí i, wọ́n a tún jẹ́ kí ó gbóná títí yóò fi dì, wọ́n a sì dà á sínú agbọ̀n kékeré kí omi rẹ̀ lè ro dànù. Ọ̀rá àti èròjà amúaradàgbà kù sínú agbọ̀n. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ṣúgà náà bá omi lọ. Ìyẹn ni àwọn baba wa fi lè jẹ wàràkàṣì láti ìgbà pípẹ́ láìráhùn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. Wàrà tútù tí a kò sè, àti nónò tí a ti ara rẹ̀ ṣe, lè gbé ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àwọn àrùn mìíràn láti ara màlúù wá sí ara ènìyàn. Kíkan rẹ̀ nìkan kò tó láti pa wọ́n. Ẹ sè é.

EEGUN ÀWỌN ỌMỌ WA ŃKỌ́?

Àwọn ará òkè òkun béèrè ìbéèrè pàtàkì kan nínú ìwé wọn: bí àwọn ọmọ kò bá mu wàrà, ibo ni eegun wọn yóò ti rí okun? Ìbéèrè náà tọ́, a kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ní ìlú Jos, àwọn oníṣègùn tọ́jú àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn ti wọ́ nítorí eegun rírọ̀. Ìwádìí wọn, tí ó jáde ní ọdún 1999, fi hàn pé àwọn tí a fún ní kálíṣíọ̀mù sàn ju àwọn tí a fún ní fítámì D nìkan lọ. Oòrùn kò wọ́n wọn. Oúnjẹ wọn ni kálíṣíọ̀mù kò tó nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí a má fún àwọn ọmọ ní wàrà, tí kò sì fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀, kò ṣe wọ́n lóore.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù ìtàn náà. Ní ọdún 2015, àwọn oníṣègùn Jos tún jábọ̀ pé àwọn fi ẹja gbígbẹ tí a lọ̀ teegun-teegun tọ́jú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ìyá wa, ṣé ẹ gbọ́? Edé àti ẹja kéékèèké tí à ń jẹ teegun-teegun kì í ṣe oúnjẹ tálákà lásán. Ẹ fi ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ewédú, ẹ̀wà àti irú kún un, ẹ ó rí i pé inú ìkòkò ọbẹ̀ wa kò ṣófo.

ÀWỌN ỌMỌ ỌWỌ́

Kí ẹnikẹ́ni má ṣi ọ̀rọ̀ mi gbọ́ nípa ti ọmọ ọwọ́. Omi ọmú ìyá ni wàrà tí a dá mọ́ ọmọ ènìyàn. Òun nìkan ni kí a fún ọmọ fún oṣù mẹ́fà, láìsí omi, láìsí àgbo. Lẹ́yìn náà kí a fi oúnjẹ mìíràn kún un, kí ọmọ sì máa mu ọmú títí yóò fi pé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wàrà màlúù lásán kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Bí ọmọ bá ń ṣu gbuuru, ẹ má ṣe gba ọmú lẹ́nu rẹ̀ nítorí ohun tí mo sọ lónìí. Àwọn oníwàrà agolo polówó fún àwọn abiyamọ tó bẹ́ẹ̀ tí Ìpàdé Ìlera Àgbáyé fi ṣe òfin ìwà títà rẹ̀ ní ọdún 1981. Kí ìyá má torí pé agolo lẹ́wà fi ohun tí ó wà láyà rẹ̀ sílẹ̀.

OHUN TÍ MO DÁ LÁBÀÁ FÚN ẸGBẸ́

Àwọn ará wa tí ń gbé ní Ìlú Ọba kò ṣèèṣì ronú kan wàrà. Láti ọdún 1946 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní wàrà lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n tó dá a dúró fún àwọn tí ó ti kọjá ọmọ ọdún méje ní ọdún 1971. Láàrin àwọn tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni wàrà bá lára mu, ètò náà dára fún wọn. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Nítorí náà mo dábàá báyìí:

Èkíní, kí a má ṣe fi ipá mú ọmọ kankan mu wàrà mọ́, kí olùkọ́ kankan má sì na ọmọ nítorí rẹ̀. Ọmọ tí ó da wàrà nù mọ ohun tí inú rẹ̀ ń wí.

Èkejì, kí a má da èyí tí ó kù nílẹ̀ nù. Kí a fún ẹni tí ó bá fẹ́ ní ìdajì ife, lẹ́yìn oúnjẹ, kì í ṣe ṣáájú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí a máa fi owó tí yóò tún wá ra ẹ̀wà, ẹyin, edé àti ẹja gbígbẹ, kí a sì máa ra wàràkàṣì tí a sè dáadáa lọ́wọ́ àwọn obìnrin gáà tí ó wà nítòsí wa. Owó náà yóò yí ká láàrin wa, àlàáfíà yóò sì pọ̀ sí i láàrin àgbẹ̀ àti darandaran.

Ẹ̀kẹrin, ẹnikẹ́ni tí inú rírun rẹ̀ bá pẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tàbí tí ó ń rù, kí ó má ṣe di ẹ̀bi ru wàrà. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀karùn-ún, kí Akọ̀wé wa kọ ìwé ọpẹ́ sí àwọn ọmọ wa ní òkè òkun lórúkọ gbogbo ìlú, kí a tó fi ìpinnu wọ̀nyí ránṣẹ́ sí wọn. Ẹni tí ó rántí ilé tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni tí a ń bá jà.

Bí ẹ bá wá bi mí pé ǹjẹ́ wàrà ẹran yẹ àgbàlagbà, ìdáhùn mi nìyí: ó yẹ ẹni tí ìran rẹ̀ fi í lé lọ́wọ́, ó yẹ àwa náà níwọ̀nba, pàápàá bí a bá ti fi ọgbọ́n mú un kan tàbí mú un dì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀ranyàn fún ẹnikẹ́ni, àìmu rẹ̀ kò sì sọ ọmọ di aláìmoore.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí Kábíyèsí pẹ́ lórí oyè. Kí ó mú àwọn tí ń bẹ lẹ́yìn odi padà wálé láyọ̀, kí ìlú wa sì máa tẹ̀ síwájú.